Orí Ọmọlangidi ní Yàrá Ìyá Ìkókó

Ní abúlé wa ní Shaanxi, nílẹ̀ Ṣáínà, Màmá Suqin ló ń gbẹ́ ọmọlangidi òjìji. Á fá awọ màlúù títí ìmọ́lẹ̀ á fi là á já, á fi ọ̀bẹ gé e ní ọba, ní ọ̀gágun, ní ìyàwó tó ń sunkún, á wá kùn ún. Bí fìtílà bá tàn lẹ́yìn aṣọ funfun báyìí, tí òjìji wọn hàn lára aṣọ náà, háà! Ẹ ó gbàgbé pé awọ ni.

Bí eré bá parí, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ orí kúrò lọ́rùn ọmọlangidi, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀, kó má baà dìde rìn fúnra rẹ̀. Orí yìí ló sì le jù láti gbẹ́. Àwọn tó wà lọ́wọ́ Màmá Suqin, bàbá rẹ̀ tó ti kú ló gbẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó tún lè gbẹ́ irú wọn.

Lọ́dún 1966, àwọn ọ̀dọ́ tó so aṣọ pupa mọ́ apá, tí ìjọba ń tì lẹ́yìn, ń wọ ilé kiri, wọ́n ní gbogbo àṣà àtijọ́ làwọn ó fọ́. Hou Jianbang, ọmọ àdúgbò, ni olórí wọn. Wọ́n já àpótí Màmá Suqin. Ara lásán ni wọ́n bá níbẹ̀.

"Màmá, orí wọn dà?"

"O ò tiẹ̀ kí mi. Orí tìẹ ńkọ́, ṣó pé?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú Jianbang pọ́n. "Ẹ má fi mí ṣeré o! Àtijọ́ ti kú!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orí wà ní yàrá ìyàwó ọmọ mi, lábẹ́ ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wọlé, lọ kó o."

Aṣọ pupa wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà: oṣù kan tí ìyá ìkókó gbọ́dọ̀ fi wà nínú yàrá kò tíì pé. Wọ́n gbà pé ọkùnrin tó bá wọ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìbí á ba oríire rẹ̀ jẹ́. Jianbang nawọ́ sí aṣọ náà, ó tún fa ọwọ́ padà.

"Bọ̀ọ̀dá, má wọlé o," ọ̀kan nínú wọn rọra wí lẹ́yìn rẹ̀. "Màmá mi á pa wá."

"Wọlé!" Màmá Suqin pariwo. "Ṣebí afọ́-àṣà ni yín? Ẹ fọ́ èyí náà ká rí i! Ọmọlangidi lẹ lè bá jà, ẹ̀yin akọni!"

Ruilian, ìyàwó ọmọ rẹ̀, dáhùn láti inú yàrá: "Ẹ máa bọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má pariwo. Ọmọ ń sùn."

Jianbang tutọ́ sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn ara náà lọ sí ibi ìpakà, wọ́n sun wọ́n. Wọ́n dé fìlà bébà gogoro fún Màmá Suqin láti fi dójú tì í, wọ́n mú un yí abúlé ká. Wọ́n ní kó jẹ́wọ́. Ó ní, "Mo gbẹ́ ọmọlangidi. Màá tún gbẹ́."

Ọjọ́ tí oṣù Ruilian pé, tí wọ́n ká aṣọ pupa kúrò, Jianbang ti dé. Ó tú ibùsùn, ó gbọn tìmùtìmù, kò rí nǹkan kan. Ruilian dúró tì í, ó gbé ọmọ náà mọ́ra nínú kóòtù òwú tuntun tí ìyá ọkọ rẹ̀ rán fún ìkókó náà, tó nípọn, tó sì le kọjá bó ti yẹ.

Jianbang jáde sí àgbàlá, ó bá Màmá Suqin tó ń fá awọ tútù, tí kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Màmá, kí lẹ tún ń fá yẹn?"

"Ara ni."