Omi Tí Mo Fi Pa Igi Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dán mi wò níbi iṣẹ́ pé, ni igi kẹta kú. Ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Peckham, nílùú òyìnbó, ni. Igi kéékèèké mọ́kànlá ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi, irú èyí tó ń hù létí òkun ní Gíríìsì: wọn kì í wọ́wé, ewé wọn le, òórùn rẹ̀ a sì máa ta sánsán.

Maria, ọ̀gá mi, ọmọ Gíríìsì tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí n má bomi rin wọ́n nígbà ooru. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn mú fún ọjọ́ méjìlá gbáko, ewé wọn ń ká kò. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ewé tó bá ká kò, omi ló ń tọrọ. Mo bí ọmọ mẹ́ta. Mi ò lè máa wo ohun tí òùngbẹ ń gbẹ. Láràárọ̀, kí Maria tó dé, mo ń da garawa omi méjì sí wọn. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo sọ ọ́ di mẹ́ta.

Maria wo òkú igi kẹta, ó mí kanlẹ̀. "Àrùn ni. Lọ́la, a ó hú gbogbo wọn, a ó sun wọ́n."

Nígbà tó lọ, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó bo ilẹ̀ ibẹ̀. Ó rin gbindin. Àrùn kọ́.

Mo sọ ọ́ fún Ràṣídà, àkọ́bí mi, nílé.

"Mummy, ẹ kàn sọ fún un jàre. Ẹ ti stress jù."

"Tí wọ́n bá lé mi ńkọ́? Ta ni yóò gbọ́ bùkátà yín?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má purọ́ now."

Láàárọ̀, mo bá Maria níbi tó ti gbé ṣọ́bìrì. "Èmi ni mo bomi rin wọ́n."

Ó fi ṣọ́bìrì náà gúnlẹ̀. "Garawa mélòó?"

"Méjì lójúmọ́. Láti ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́ta."

"O tiẹ̀ ń kà á." Ó hú òkú kan, ó fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn mí: ó dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tó pẹ́ nínú omi. "Nílé wa, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀. Nígbà ooru, àwọn igi yìí á panu dé títí òjò á fi dé."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà, èmi sì ń fipá rọ wọ́n lómi.

Wọn ò hú mẹ́jọ tó kù. Wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún àsìkò ìdánwò mi, Maria sì ní kí n máa dúró ti àwọn igi náà láràárọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́wọ́ òfo. Mo ti ru àpò iyẹ̀pẹ̀ rí, mo ti gé igi tó ga ju ilé lọ. Kò sí èyí tó rẹ̀ mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.