Ìlérí Tí A Gbọ́ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í pàtẹ́wọ́ bí olóṣèlú bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí. Ọ̀sẹ̀ kẹta ìyanṣẹ́lódì tí àwa olùkọ́ ṣe nítorí ìwé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ wa ni, lọ́dún tó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá kan nínú ìjọba ìgbà náà, tí n kò ní dárúkọ, fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwa bíi mẹ́wàá kóra jọ sí pálọ̀ mi ní Ọ̀bà-Ilé.

Yorùbá ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ, etí mi kì í gba ìsọkúsọ. Mo ti múra láti bu ẹnu àtẹ́ lu ọkùnrin náà, àfi ìgbà tó lanu tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Kò mú ìwé dání, kò da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní, “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè,” ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ ìyàwó rẹ̀. Níkẹyìn ó ní, “Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Mo ṣèlérí níwájú Ọlọ́run, olùkọ́ kankan kò ní jìyà láìṣẹ̀.”

Gbogbo pálọ̀ hó yèè. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo tilẹ̀ ní tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, òun ni ì bá gba ipò kìn-ín-ní.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù mi dún. Ìyá Tólú ni, akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìlú Oǹdó, ẹni tó kó àwọn olùkọ́ ibẹ̀ jáde. Kò síná lọ́dọ̀ wọn, kò rí nǹkan kan wò.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló wí?”

“Ó ní ká padà. Olùkọ́ kankan kò ní jìyà.”

“Ṣé bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn? Torí èmi ni wọ́n ń wá o.”

“Ṣé èmi ni màá wá purọ́ fún ọ? Wọlé lọ́la, jàre.”

Ó wọlé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lẹ́tà dé pé wọ́n ti yọ ọ́ níṣẹ́, pé ó jẹ̀bi kíkó olùkọ́ jáde. Mo fi ìbínú gba ọ́fíìsì ọ̀gá náà lọ ní Àkúrẹ́. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ kò bá mi jà. Ó kàn gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún mi gbọ́.

“Láìṣẹ̀ ló wí, bàbá,” ó ní. “Àbí obìnrin yẹn kò ṣẹ̀?”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ó dún ketekete. Ọkùnrin náà kò sọ ọ́ lábẹ́ eyín rárá. Èmi tí mo máa ń fi bírò pupa fa igi síbi tí ọmọ bá ti fo ọ̀rọ̀, èmi ni mo fo èyí. Ẹ̀rù etí ara mi bà mí lọ́jọ́ náà, ó sì ń bà mí dòní.

Wọ́n tú ìwé ìgbéga tí wọ́n tì mọ́nú àpótí sílẹ̀ fún wa, ọ̀pọ̀ yín ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìyá Tólú kò bá wa jẹ níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí kóòtù, a kò gbé e lọ, gbèsè ìyẹn ṣì wà lọ́rùn wa. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Àbọ̀ tí mo sọ fún un gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ bá a nílé ní Oǹdó, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò pariwo lé mi lórí. Kò wo ojú mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo bi yín.”