Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Ṣí Ilé Ìwòsàn fún Wa

Ilé ìwòsàn wa rẹwà. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mi ò rí ire ìjọba. Wọ́n kùn ún ní funfun àti àwọ̀ ewé, wọ́n gbin òdòdó sẹ́nu géètì, wọ́n sì gbé àwòrán Ọ̀nárébù tó ń rẹ́rìn-ín kọ́ sára ògiri, eyín rẹ̀ mọ́ ju táìsì ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó, ẹ lè lọ síbẹ̀. Tí ara yín ò bá yá, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Ẹ̀yìn Ìgbògbò là ń gbé, èmi àti bàbá mi àtàwọn ọmọ mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti wà ní Ìpakodò tí mo ń wá ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Bàbá mi ló ń ṣọ́ ilé. Ọmọ Ìkìrun ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun, ó sì gba ìjọba gbọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gba wòlíì gbọ́. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ní iná máa dé, á lọ kó aṣọ tó fẹ́ lọ̀ jáde.

Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra. Dókítà kan wà ní òpópónà wa tẹ́lẹ̀ tó mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn, àmọ́ ó ti lọ sókè òkun, tòun tìyàwó tọmọ. Mi ò bínú sí i. Ta ni kò ní lọ? Ilé tó ti ń wo wá ti di ilé tẹ́tẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún àwọn àgbà, bọ́ọ̀lù Yúróòpù ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé níbẹ̀ báyìí. Nígbà tí bàtà tuntun wá bó bàbá mi lẹ́sẹ̀, lábẹ́ àtàǹpàkò, tí egbò náà kọ̀ tí kò jiná, kò sẹ́ni tó máa wò ó nítòsí. Ẹni tó bá sì mọ ìtọ̀ ṣúgà mọ̀ pé irú egbò kékeré bẹ́ẹ̀ lè sọ odindi ẹsẹ̀ nù.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ní wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn. Wọ́n ta kánópì, wọ́n kó spíkà wá, àwọn obìnrin tó dé fìlà olórúkọ Ọ̀nárébù ń jó. Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì wọn ló di máíkì mú. Onímáíkì ni màá máa pè é. Ó ń wá aláìsàn àkọ́kọ́ tí dókítà máa yẹ̀ wò níwájú kámẹ́rà. Ó wo àwọn tó jókòó, ó fo ìyá tó ń wúkọ́, ó fo ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣàn, ó wá rí bàbá mi nínú agbádá funfun. Ó ní, "Bàbá yìí máa dáa nínú fọ́tò." Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Ká má purọ́, dókítà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, dókítà gidi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, oorun ń bẹ lójú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù ń ṣeré, òun ń ṣiṣẹ́. Ó bọ́ bàtà bàbá mi, ó tú aṣọ tí a fi di egbò náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Onímáíkì ti gbé máíkì dé ibẹ̀: "Dókítà, ẹ sọ fún aráàlú bí inú bàbá ṣe ń dùn." Ọmọkùnrin náà tẹnu bọ̀ ọ́ létí, ó sọ nǹkan kan fún un wúyẹ́wúyẹ́. Onímáíkì ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà wọ́n fa dókítà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀nárébù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ráìsì.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan wá, ó kó gbogbo bẹ́ẹ̀dì lọ. Gbogbo àdúgbò ń wò ó. Bàbá mi ní wọ́n fẹ́ lọ fín oògùn apakòkòrò sí wọn lára ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ilé ìwòsàn yẹn di ọ́fíìsì. Á wẹ̀, á dé fìlà, á mú ọ̀pá, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì de dókítà. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ìyá kan tí wọ́n ti kọ́ ní ohun tó máa sọ, á ní, "Bàbá, dókítà lọ sí mítìn." Lónìí, mítìn. Lọ́la, mítìn. Irú mítìn tí wọn ò ṣe ní Abújà pàápàá. Obìnrin náà á bá a fọ egbò náà, á fún un ní oògùn pàrá, á fi aṣọ mímọ́ dì í. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Mo ní ká wá ibòmíràn lọ. Ó kọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní sùúrù. Dókítà wa ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yìí. Tó bá jẹ́ pé ó burú ni, ṣé kò ní sọ ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà wo? Iṣẹ́ ojú ayé ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn."

"Ìjọba kì í parọ́ níwájú kámẹ́rà."

"Níwájú kámẹ́rà gan-an ni wọ́n ti ń pa á."

Ó ní mo ti gbé Èkó jù, pé ẹnu mi ti di ẹnu ọmọ gáráàjì. Ó dùn mí, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kúkú ya wèrè. Tí dókítà bá wo ẹsẹ̀ ẹni, tí kò sì sọ nǹkan kan, kí lèèyàn máa rò?

Nígbà tí ibà dé, tí ìka náà dúdú, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá, mi ò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Aládùúgbò wa gbé mọ́tò rẹ̀ jáde, a gbé bàbá sí i. Ibi tí a kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ibi kejì, wọ́n ní ẹni tó ń ṣe irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti lọ sí Kánádà. Ó dà bíi pé Kánádà nìkan ni wọ́n ti ń ṣàìsàn láyé yìí. Wọ́n ní ká gbìyànjú apá Ẹ̀pẹ́. A gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ, kòtò lórí kòtò, bàbá mi ń kérora, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Níbẹ̀, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà, dókítà kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Bàbá mi ló kọ́kọ́ rí i. Tòun ti ibà lára, ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, "Ṣé o rí i? Dókítà wa nìyẹn."

Ọmọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ kó tó wo ojú. Ó dá bàbá mọ̀, ó sì yíjú sí mi. "Àǹtí, ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ?"

"Mo sọ fún ọkùnrin tó di máíkì mú pé kí ẹ gbé bàbá wá bá mi níbí lọ́jọ́ kejì, pé ẹsẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ dúró. Ó ní òun á sọ fún yín. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ ọ́ níwájú èrò, kí wọ́n má baà mọ̀ pé Ẹ̀pẹ́ ni mo ti wá."

Bàbá mi ní, "Ẹ kì í ṣe dókítà wa ni?"

"Rárá, sà. Wọ́n yá mi fún ọjọ́ kan ni." Ó tún wo ẹsẹ̀ náà. "Nígbà yẹn, ìka kan là bá yọ, bóyá a ò tiẹ̀ ní yọ nǹkan kan. Báyìí, abẹ́ orúnkún ni."

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ti bàbá mi, gígé ló kù. Wọ́n gé e. Ẹsẹ̀ tó fi rìn lọ síbi iṣẹ́ ìjọba títí ó fi darúgbó, wọ́n gé e nítorí pé ẹnì kan ò fẹ́ kí èrò mọ̀ pé àyálò ni dókítà. Mo sunkún, mo sì ṣépè. Mi ò ní kọ èpè náà síbí.

Nígbà tí a padà délé, mo lọ bá Onímáíkì ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ìjà ni mo bá lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó fọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ó mà ṣe o. Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó fò mí ru ni." Ẹsẹ̀ èèyàn ló fò ó ru. Ó ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ wá là. "Ọ̀nárébù máa fún bàbá ní àga onítáyà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e wá. Ṣé agbádá funfun yẹn ṣì wà?"

Mo rò pé bàbá mi máa ní kí wọ́n má dé ilé òun. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n dé tìlù tìfọn. Wọ́n gbé bàbá mi sórí àga, wọ́n tẹ́ agbádá bo ẹsẹ̀ tó kù díẹ̀ káàtó náà, Ọ̀nárébù gbé ọwọ́ lé e léjìká, gbogbo eyín bọ́ síta. Onímáíkì gbé máíkì sí bàbá mi lẹ́nu. "Bàbá, ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yín."

Bàbá mi ní, "Dókítà dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ogbó ló ń dà á láàmú. "Rárá, bàbá, ẹ dúpẹ́ fún àga ni."

"Mo ní, dókítà dà?"

Onímáíkì gba máíkì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń ya fídíò sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Bàbá mi kò dákẹ́. Ọkùnrin tí kò bi ìjọba ní ìbéèrè rí láyé rẹ̀ ń bi Ọ̀nárébù, ó ń bi awakọ̀, ó ń bi àwọn obìnrin tó dé fìlà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà àga náà tẹ̀ lé wọn dé géètì, ó ń bi wọ́n. Wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n yí gíláàsì sókè, wọ́n lọ.