Fóònù Etí Ìró

Etí ìró ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, máa ń so fóònù mọ́, bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe ń so owó. Bí ènìyàn bá kánjú sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, “Doucement”, ìyẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lédè Faransé tí wọ́n kó bọ̀ láti Abidjan.

Àwọn ọmọ Yahoo, olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti lu Màmá ní jìbìtì. Síbẹ̀, Màmá àti ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ wọn ló wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa nílùú Ara, láti sọ pé kí ìjọba má gba àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹ́ fi jọ máa mú ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Inú bí bàbá àgbẹ̀ kan. “Màmá, ṣé ẹ̀yìn olè lẹ wà ni?”

“Doucement, Bàbá. Mo fẹ́ kí wọ́n mú wọn. Àwọn tó máa torí wọn tú fóònù gbogbo wa wò ló ń bà mí lẹ́rù.”

Kò yé Bàbá. Kò yé èmi náà.

Nígbà tí ọwọ́ tẹ àwọn olè náà, ọlọ́pàá ní kí Màmá gbé fóònù sílẹ̀ fún ẹ̀rí. Ohùn àwọn tó fẹjọ́ ọlọ́pàá sun ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Màmá so ó padà mọ́ etí ìró, wọ́n lọ sílé. Bí ọlọ́pàá ṣe tú àwọn olè sílẹ̀ nìyẹn, torí kò sí ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn olè náà dọ̀bálẹ̀ kí Màmá lójú títì. Màmá ṣàdúrà fún un, wọ́n sì yára fọwọ́ di etí ìró mú.

Mo bi wọ́n pé, “Màmá, olè ni àbí ọlọ́pàá, èwo gan-an lẹ ń bẹ̀rù?”

“Doucement,” ni Màmá wí.