Àmì Funfun Lára Ṣẹ́ẹ̀tì Gẹdú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí àwọn ará àgbègbè yẹn ń ṣe jẹun, kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Alábẹ́rẹ́ tó kọjú sí ibùdókọ̀. Aṣọ iṣẹ́ nìkan ni obìnrin yìí ń tún rán. Àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn òkè, orúnkún ṣòkòtò wọn ló máa ń kọ́kọ́ já. Ẹ̀wù àwọn wẹ́dà a máa dé pẹ̀lú ihò tí iná lù sí i bí ojú asẹ́. Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní oko adìyẹ kò sì lè ṣe kí ìyẹ́ má jábọ́ lára rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n gbọ̀n ọ́n tó. Nígbà tí aṣọ àwọn afọ́kúta ń dín kù, tí ti oko adìyẹ ń pọ̀ sí i, Alábẹ́rẹ́ ti mọ ibi tí iṣẹ́ ń ṣí lọ.

Ohun tó dùn mọ́ ọn jù nídìí iṣẹ́ náà nìyẹn: kó yí aṣọ sọ́tùn-ún, kó yí i sósì, kó máa ro ohun tí ojú aṣọ náà ti rí. Ìtọpinpin rẹ̀ kò láàlà.

Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, Gẹdú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni lẹ́búlẹ́bú pákó ti ń bá a wọlé: ó ń wà nínú àpò rẹ̀, ó ń wà lójú rírán, kódà ó ń wà nínú etí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Alábẹ́rẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kó lè bá a fi bọ́tìnnì sí i. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà léjìká rẹ̀. Ó yí àpò rẹ̀ síta, ó mọ́ tónítóní. Ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Àfi bí ẹni pé ẹnìkan bu ún wọ́n ọn lórí, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Níbi ikùn, àmì funfun kéékèèké wà káàkiri, ibi tí àwọ̀ búlúù ti ṣí dànù. Ó fi èékánná ha á. Kì í ṣe ọ̀dà, ọ̀dà a máa lé lórí aṣọ. Kì í ṣe omi bátìrì, ìyẹn a máa jẹ aṣọ já.

Bí Gẹdú kò bá sí ní ilé ìlagi mọ́, ibo ló ń lọ láràárọ̀? Kí ló sì dé tó fi ń fi í pa mọ́ fún òun?

Ó yẹ kó ní sùúrù títí ọkọ rẹ̀ yóò fi dé, kó bi í. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà láìsọ ẹni tó ni ín, ó wá ń bi gbogbo ẹni tó wọlé pé, "Ẹ bá mi wo èyí. Iṣẹ́ wo ló ṣe aṣọ báyìí?"

Wẹ́dà kan tó gbé ẹ̀wù wá yọjú wò ó. "Ẹni tó ń kun ilé ni."

"Ọ̀dà wá dà? Ẹ fọwọ́ kàn án."

"Ó dáa, ẹyẹ ló yàgbẹ́ sí i lára."

"Gbogbo èyí? Àfi bí ẹyẹ náà bá ń gbé nínú àpò rẹ̀!"

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn wọlé. Bó ṣe rí ṣẹ́ẹ̀tì náà ló pàtẹ́wọ́. "Háà! Aṣọ yàrá ìfọṣọ wa nìyí! Oògùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ ibùsùn funfun ló ta sí i. Ti Bàbá Funfun ni, bí a ṣe ń pe ẹni tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síbẹ̀ yẹn. Ọkùnrin náà mọ aṣọ ká, ẹ ó rò pé ìwé ni! Ilé ìlagi ni wọ́n ló wà kí wọ́n tó ní kí àwọn kan máa lọ sílé."

Wẹ́dà gbá itan. "Alagi wá di afọṣọ? Ayé ń yí o!" Ó ní òun ń padà bọ̀ wá gba ẹ̀wù òun, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Alábẹ́rẹ́ já ṣẹ́ẹ̀tì náà bọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló pàtẹ ọkọ rẹ̀ síta fún aráyé.

Lọ́sàn-án, Gẹdú yà wọlé, lẹ́búlẹ́bú pákó léjìká. "O kú iṣẹ́ o, ìyá wọn. Igi òní le bí irin!"

"Ẹ jókòó, bàbá wọn. Ilé ìwòsàn ti wá ń la igi ni?"

Gẹdú rọra jókòó. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àpò yín ló mọ́ jù." Ó wá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mo ti ṣẹ̀ yín. Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì yín kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo ń bi èèyàn pé iṣẹ́ wo ló ṣe é. Mi ò dárúkọ yín, àmọ́ wọ́n ti fi ṣe ẹ̀rín."

Ojú Gẹdú le. "Ohun tí mo ń sá fún gan-an nìyẹn! Èmi tí mo máa ń fi àwọn afọṣọ ṣe yẹ̀yẹ́! Ẹ̀yìn ilé ìlagi ni mò ń gbà bọ̀ kí n lè rí lẹ́búlẹ́bú bù sára, kó má di pé o rí mi bí ẹni tó ti rẹlẹ̀."

"Ta ló ní ẹ rẹlẹ̀? Aṣọ tí ẹ̀ ń fọ̀ kọ́ ló dùn mí. Ẹ fi í pa mọ́ fún mi, ìyẹn ló dùn mí."

Ọkọ̀ kan fọn fèrè kọjá níta. Gẹdú na ọwọ́ mú ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní, "Kí ni wọ́n tiẹ̀ pe àmì yẹn?"

"Wẹ́dà ní ẹyẹ ló yàgbẹ́ sí i."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. Ìtọpinpin Alábẹ́rẹ́ tún ti dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ máa ń ká aṣọ bí ìwé. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Gẹdú wo ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó wo àwọn èèyàn tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ó dìde, ó mú aṣọ fífẹ̀ kan lórí tábìlì. "Di etí méjèèjì mú. Má fà á. Kọ́kọ́ jẹ́ kó balẹ̀."

Wọ́n ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe tún ń nà án ni wẹ́dà dé, tó dúró, tó la ẹnu sílẹ̀. Alábẹ́rẹ́ fẹ́ ju etí aṣọ tó dì mú sílẹ̀, kí wẹ́dà má baà tún fi ọkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀rín.

"Má jù ú sílẹ̀," ni Gẹdú wí. "A ò tíì ká a tán." Ó kọjú sí wẹ́dà. "Ẹ káàsán o. Ẹ bá wa sún sẹ́yìn díẹ̀, ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn la fẹ́ nà án dé."