Páálí Bísíkíìtì Ìyá Mi

Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Olódì-Apápá. Kì í ṣe ti sítóòfù Ìyá mi o. Ti abọ́ ńlá tí Bàbá mi fi ń fọ irin ni. Òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé, á bá mi lórí ẹní, á sì tẹ̀ lé mi dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kúdí Àtùpà ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí. Inú máa ń bí mi nígbà náà. Lónìí, ẹni tó bá tún lè pè mí bẹ́ẹ̀, màá ra mínírà fún un.

Tírélà ni Bàbá mi ń wà ní Wharf Road, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wà lọ́kàn wọn ni Ìjàpá aláwọ̀ ewé kan tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé wa kí n tó gbọ́n. Inú rẹ̀ ni wọ́n fi gbé Ìyá mi wá láti Ẹ̀pẹ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980, orúnkún Ìyá mi wú, wọn ò lè gun mólúè mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kan ìyá tó bí wọn, bẹ́ẹ̀ ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú. Ni Bàbá mi bá ṣèlérí: "Ìyá Kúdí, inú Ìjàpá yìí la ó gbà lọ ṣe Iléyá ní Ẹ̀pẹ́." Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́, àfi èmi.

Bàbá mi tú gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ palẹ̀. Nínú Ìjàpá, inú gíàbọ́ọ̀sì náà ni dífárẹ́ńṣà wà, òun ló ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Wọ́n to irin rẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì bó ṣe ń jáde, wọ́n pààrọ̀ èyí tó jẹ, wọ́n dè é padà. Wọ́n wá di ọ̀pá táyà mú, wọ́n yí i. Ó le. Iṣan ọrùn wọn yọ kó tó mira. Wọ́n tún un tú, bóyá iyanrìn wọ̀ ọ́. Kò sí iyanrìn. Wọ́n yẹ eyín gíà wò, wọ́n yí bíárìn tó gbé ọ̀pá náà dúró lọ́wọ́, geere ló ń yí. Wọ́n dè é padà, ó tún le. Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Sọ́ńdè, lébìrà wáàfù tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Alhaji, force am na! E go free for road."

Bàbá mi wo orúnkún Ìyá mi, wọ́n wo sípánà. Mo rí i lójú wọn pé ó ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá mi wí bí mo bá ń fi ìbínú ya irun mi ni wọ́n sọ fún ara wọn: "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja." Bí a bá fipá wà á, bíárìn á gbóná, á jó, ojú ọ̀nà la ó sì ti ṣe Iléyá.

Wọ́n wá ń dẹ nọ́ọ̀tì ìdérí ẹ̀gbẹ́ gíàbọ́ọ̀sì náà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ti dẹ̀ ẹ́ ni ọ̀pá náà ń yí. Bí wọ́n bá dè é pinpin, á le. Wọ́n jókòó sílẹ̀. "Kò sí nǹkan tó há sínú ẹ̀. Àwa la fún un lọ́rùn."

Ìyá mi, tí wọ́n ń ta bísíkíìtì àti mílíìkì lẹ́nu ọ̀nà wa, ló dá wọn lóhùn. "Bàbá Kúdí, páálí tí ẹ máa ń gé ńkọ́? Mi ò rí i kẹ́ ẹ gé kankan lọ́tẹ̀ yìí."

Gbogbo ilé ló mọ ìjà páálí. Ta ló ń ra gásíkẹ́ẹ̀tì ládùúgbò wa nígbà náà? Páálí la ń gé sáàárín ìdérí àti ara gíàbọ́ọ̀sì kí ọ́ìlì má baà jò. Páálí ọjà Ìyá mi ni Bàbá mi máa ń gé, bísíkíìtì á dàlẹ̀, ariwo Ìyá mi á sì dé ibùdókọ̀ Boundary. Lọ́tẹ̀ yìí, kí inú má baà bí Ìyá mi, Bàbá mi fi gọ́ọ̀mù tuntun kan tí wọ́n ń yìn ní wáàfù dípò páálí. Gọ́ọ̀mù dí ojú jíjò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò nípọn tó páálí. Ìdérí wọlé jù, ó sì ń há bíárìn mọ́.

Ìyá mi dìde lórí orúnkún tó wú yẹn. Wọ́n da odidi páálí bísíkíìtì kan sórí tábìlì, wọ́n ya páálí náà, wọ́n nà án sí Bàbá mi. "Ẹ gé e. Ẹ gé ibi tó bá wù yín." Bàbá mi fi àtàǹpàkò yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó wọ̀, ìka lásán ni wọ́n fi ń yí ọ̀pá náà.

A ṣe Iléyá ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá Àgbà fọwọ́ pa Ìyá mi lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n ní, "Ìwọ náà nìyí?" Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n fojú rinjú nìyẹn.

Gbogbo wọn ti lọ. Jíìpù ni mò ń wà báyìí. Bó bá bàjẹ́, mo kàn ń fi fóònù pe ẹni tó máa tún un ṣe ni, mi ò tilẹ̀ ní bọ́ sílẹ̀. Sùúrù Bàbá mi ò sí lára mi. Bí ìdérí yẹn, ohun tí mo ti fipá dè láàárín èmi àti àwọn ará ilé mi kò kéré. Kúdí Àtùpà rò pé ọkọ̀ ni Bàbá òun ń tún ṣe lẹ́yìn ilé. Èmi tí mo dàgbà ti wá mọ̀ pé Ìyá mi ni wọ́n ń ṣe é fún, látorí gọ́ọ̀mù dórí páálí. Àárò wọn ń sọ mí gan-an. Bí mo bá tú bísíkíìtì ní kíṣìnì mi, mo ṣì máa ń fi àtàǹpàkò wo bí páálí rẹ̀ ṣe nípọn tó kí n tó jù ú nù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gé e mọ́.