Fóònù Méjì Tí Mo Gbé Bọ̀ Láti Kétu Èkó

Ìdájí ni mo gun sẹ́míjàn kúrò ní Kétu tiwa, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n ń pè é tẹ́ ẹ bá ti kọjá bodè Ìlárá. Inú ń bí mi. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti di bárakú fún Rásákì, àbúrò mi tó ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátò ní ọjà Mile 12, ní Kétu Èkó, ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ní kí ẹbí kan wá gba fóònù tó fi ń ta tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbé e jìnnà sí i. Ẹ gbà mí o, èmi ni kí n la bodè kọjá nítorí fóònù! Mo ti pinnu pé Rásákì gan-an ni màá wọ́ bọ̀ wálé.

Láti Ìmẹ̀kọ dé Abẹ́òkúta, kòtò pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Ní Abẹ́òkúta, dírẹ́bà ń pariwo, "Mummy, ẹ wọlé, ó ku ẹnì kan!" Ẹnì kan náà di márùn-ún ká tó gbéra. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún náírà ni mo san dé Ọjọ́ta. Àkàrà wọn níbẹ̀ dùn, àmọ́ búrẹ́dì ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀kọ bíi tiwa.

Ní ilé ìtọ́jú ní Ìkòsí, mo bá Rásákì lórí bẹ́ǹṣì. Mi ò tiẹ̀ kí i.

"Dìde, à ń lọ sílé!"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Tí mo bá lọ báyìí, màá tún bẹ̀rẹ̀ ni. Fóònù yìí ni kẹ́ ẹ bá mi gbé lọ."

Wàsíù, ọmọ bíbí Ìkòsí tí wọ́n jọ ń gba ìtọ́jú, bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, tiyín tiẹ̀ sàn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyá mi ń fi tèmi sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jí i níbẹ̀. Èmi onílé ni mi ò níbi tó jìnnà."

Ìyá rẹ̀, Alhaja arúgbó kan, di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, láti ìgbà tí nǹkan ti le fún Rásákì, ilé mi ló ti ń jẹun. Jọ̀ọ́, bá mi gbé ti Wàsíù náà lọ."

Háà! Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló ń bọ́ àbúrò mi, èmi tí mi ò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i rí! Ojú tì mí, omi bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀ mo dúpẹ́, mo gbé àpò gàrí tí mo rù wá fún Alhaja.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ kejì, ìyá wa ní, "Rásákì tó o lọ mú dà?"

Mo kó fóònù méjèèjì lé e lọ́wọ́, mo sì ròyìn fún un. Mo ní èmi tí mo lọ wọ́ ọmọ wálé ti rí i pé ọmọ wa ti ní ilé níbẹ̀. Ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí rẹ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró.

"Kí lorúkọ ọmọ tó ni ìkejì?"

"Wàsíù."

Láti ọjọ́ náà, tí ìyá wa bá ti ń ṣàdúrà fún Rásákì, ẹ ó gbọ́ orúkọ Wàsíù níbẹ̀.